Fẹlá Ṣówándé: Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Fẹ́ràn Dùùrù

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó gbà pé ọmọ tí ó ń tẹ dùùrù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé ń fi àkókò ṣòfò ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Fẹlá Ṣówándé.

Ọdún 1905 ni a bí i; àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó ń kàwé ní King's College, Èkó, ó ń kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ T. K. E. Phillips, onídùùrù àgbà ní Kàtídírà Christ Church, Marina. Ibẹ̀ ni ó ti mọ orin Bach. Ṣùgbọ́n Phillips yìí kan náà ń ṣe orin ìsìn ní èdè Yorùbá, ó sì ń rí i pé ohùn orin kò ta ko ohùn ọ̀rọ̀. Ojú ọmọ náà kò kúrò nílé.

Láàárín ọdún 1930 sí 1939, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ìfẹ́ orin borí. Ní 1943, ó gba oyè gíga ti Royal College of Organists. Ní 1944, ó kọ African Suite. Nínú Ọ̀yígíyigì, tí ó kọ fún dùùrù, orin Yorùbá ni ìpìlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí wọ́n bá ti lé e kúrò nídìí dùùrù nígbà èwe, kí ni à bá jogún? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ orin àjèjì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.