Nígbà tí Gánà Jẹ́ Ìlú tó Dára Jùlọ Lójú Àwọn Baba Wa

Nínú àwọn ìpàdé tí a ṣe láàrin ọdún, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣàì jẹ yọ láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́yìn tí a bá ti parí iṣẹ́ ìpàdé: orílẹ̀-èdè wo ló dára jùlọ láyé? Ẹnì kan á ní Kánádà ni. Ẹlòmíràn á ní kò sí ibi tó dà bí Ìlú Ọba. Àwọn tó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà kò ní gbà. Àwọn àgbà kì í sábà dá sí i, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sílẹ̀, a ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún yóò sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ ò dé Góòlù Kóòsì ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fẹ́ tú palẹ̀ nínú ìwé ìrántí tọdún yìí.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún irú àríyànjiyàn yìí. Láti ọdún 1990 ni UNDP, ẹ̀ka kan lára Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ń tẹ ìwé jáde tó ń to àwọn orílẹ̀-èdè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mahbub ul Haq, ọmọ Pakistan, ló ṣáájú iṣẹ́ náà, Amartya Sen, ọmọ Íńdíà, sì bá a dá sí i. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí ẹ̀mí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe ń gùn tó, bí wọ́n ṣe ń kàwé tó, àti owó tó ń wọlé fún wọn. Nọ́wè ló gba ipò kìíní lọ́pọ̀ ọdún. Àwọn baba wa kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà kí wọ́n tó di ẹrù wọn, ṣùgbọ́n bí a bá fi ohun mẹ́ta yẹn wo Góòlù Kóòsì ayé ìgbà náà, wọn kò ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti owó. Ní ọdún 1879 ni Tetteh Quarshie mú èso kòkó bọ̀ láti Fernando Po, tó sì gbìn ín sí Mampong. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1911, Góòlù Kóòsì ló ń kó kòkó jáde jùlọ ní gbogbo ayé. Àgbẹ̀ tó bá rí owó kòkó gbà yóò ra aṣọ, yóò ra abọ́ àti ìkòkò, yóò ra fìtílà, ta ni yóò sì gbé wọn dé abúlé bá a bí kì í bá ṣe oníṣòwò tí kò sá fún ìrìn? Ibẹ̀ ni àwọn ará wa ti rí àyè. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì, Inísà àti Èjìgbò ni wọ́n ti ń lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Dàhòmì àti Tógò kọjá, tẹrù-tẹrù lórí. Àwọn tó tẹ̀lé wọn wọ lọ́rì. Àwọn kan dúró sí Accra àti Kùmásì, àwọn kan lọ títí dé Tamale ní àríwá, àwọn mìíràn sì lọ wa dáyámọ́ńdì ní Akwatia. Àwọn ìyá wa kò jókòó sílé. Bí ọkọ bá ń ta aṣọ, ìyàwó á pa àtẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọ á sì kiri.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń du físà lónìí kò ní tètè gbàgbọ́. Owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Èkó àti ní Accra. Láti ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń tẹ owó fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ta ọjà ní Kùmásì lè di pọ́n-ùn àti ṣílè rẹ̀ mọ́ ìbàǹtẹ́, kí ó gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó sì fi bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé láìṣẹ́ ẹ rárá. Ìgbà tí Gánà tẹ owó tirẹ̀ ní ọdún 1958, tí Nàìjíríà sì tẹ tirẹ̀ ní 1959, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ abẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n ka gbogbo wọn sí, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé, "Ìwé rẹ dà?"

Ilé ìwé àti ilé ìwòsàn náà wà. Ilé ìwòsàn Korle Bu ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1923, ilé ẹ̀kọ́ Achimota sì ṣí ní 1927. Ní ti yunifásítì, a kò ní gbà fún wọn, nítorí ọdún kan náà, 1948, ni tiwọn àti ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1952 ni wọ́n ti mú owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́hùn-ún, ọdún mẹ́ta gbáko kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Gánà ní ọdún 1960, nǹkan bí 6,700,000 ni gbogbo wọn, nǹkan bí 100,000 nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá. Alata ni àwọn onílé ń pè wá. Títí di òní olónìí, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú lọ́hùn-ún, èyí tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn Zongo tí àwọn àlejò ń gbé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Sábọ̀n Gàrí tí àwa ará Òkè Ọya mọ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n ń dá owó ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń bá ara wọn ṣe ìsìnkú àti ìkómọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe níhìn-ín. Àwọn mùsùlùmí wa kọ́ mọ́sálásí. Àwọn Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ dá ìjọ sílẹ̀ káàkiri, débi pé oníṣòwò Yorùbá ló pọ̀ jùlọ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi Gánà fún ọdún pípẹ́, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń wàásù.

Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, àwọn Alata bá onílé jó. Kwame Nkrumah ń sọ̀rọ̀ Áfíríkà kan ṣoṣo, inú àwọn ènìyàn wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn gan-an ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó ti la àwọn baba wa lójú. Ìjọba mú àwọn aṣáájú mùsùlùmí méjì ní Kùmásì, Alhaji Amadu Baba àti Alhaji Othman Larden Lalemi, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, ó ní ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, kí wọ́n máa lọ. Àwọn méjèèjì ní ọmọ Gánà làwọn, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Kí adájọ́ tó dá ẹjọ́, ilé aṣòfin ti ṣe òfin tuntun tó fàyè gba lílé wọn, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn wá sí Kánò. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, pé oníṣòwò ni àwọn. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà kì í fẹ́ gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Òfin ọmọ onílẹ̀ tí Gánà ṣe lọ́dún òmìnira yẹn kò ka ibi tí wọ́n bí ọmọ sí nìkan kún. Bí òbí tàbí òbí àgbà ọmọ náà kò bá jẹ́ ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, àlejò ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kùmásì, tó ń sọ èdè Twi ju Yorùbá lọ, tí kò tí ì fojú kan Ọ̀fà rí, lè jẹ́ àlejò lójú òfin. Ọ̀nà wà láti fi orúkọ sílẹ̀ kí ènìyàn di ọmọ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ló ṣe é. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé ṣe níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ wọ́n?

Ológun lé Nkrumah kúrò ní oṣù kejì ọdún 1966. Owó kòkó ti wálẹ̀, gbèsè pọ̀, iṣẹ́ sì wọ́n. Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia wọlé ìbò ní 1969, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbò náà tí ìjọba rẹ̀ fi pàṣẹ, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò nílẹ̀ náà. Aliens Compliance Order ni orúkọ òfin náà, ọ̀pọ̀ àgbà wa sì lè pè é ní Gẹ̀ẹ́sì bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti lo ogójì ọdún, tó kọ́lé, tó tajà àwìn fún idajì àdúgbò. Àwọn onígbèsè wọn mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò padà wá sin gbèsè, wọ́n kàn ń ka ọjọ́ ni. Àtẹ aṣọ di títà ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú, ilé di ohun tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Lọ́rì kún, èrò ń sùn sí etí bodè. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí a mẹ́nu bà lókè ló ṣófo láàrin oṣù kan náà.

Ilé tí wọ́n sì ń padà bọ̀ kò rọgbọ. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tíì parí, ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé ní ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa bọ́ sínú agbo ilé tí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá kò lè jókòó sórí òfìfo, ni wọ́n bá tún di ẹrù, wọ́n gba Òkè Ọya lọ. Láàrin àwọn ìdílé tó ń ka ìwé yìí, a mọ èyí tó jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé ìlú yìí.

Àwọn kan fẹ́ràn láti sọ pé lílé àwọn Yorùbá ló ba Gánà jẹ́. A kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ọjà wọ́n lórí àtẹ, tí òṣìṣẹ́ sì wọ́n nínú oko kòkó. Kòkó wọn tó lé ní 500,000 tọ́ọ̀nù ní 1964 sí 1965 kò tó 160,000 mọ́ ní 1983 sí 1984. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ń gbé kòkó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá sí ilẹ̀ mìíràn, iná sì jó oko ní 1983.

Kí á má sì purọ́ fún ara wa, àwa náà ṣe tiwa. Nígbà tí epo rọ̀bì sọ Nàìjíríà di ìlú owó lẹ́yìn ọdún 1973, àwa ni a di orílẹ̀-èdè tó dára jùlọ lójú ará Gánà. Ìran tó kàwé ní ìparí àwọn ọdún 1970 kò ní gbàgbé tíṣà ọmọ Gánà. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983 pé kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ló forí lé ọ̀nà, bodè Gánà sì wà ní títì títí di ìparí oṣù náà, tí èrò fi há sí Ṣèmẹ̀ àti Cotonou. Àwọn kan láàrin wa rẹ́rìn-ín nígbà náà pé ẹ̀san ni. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìyẹn, ní 1979, ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè rìn lọ sí èkejì. Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù nìkan ló ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní. Ghana Must Go.

Ní ọdún 2018, ìwé kan tí wọ́n ń fi wọn ìdùnnú àwọn orílẹ̀-èdè wo ọ̀rọ̀ àwọn àlejò lọ́tọ̀, ní orílẹ̀-èdè 117. Fínlándì ló ṣe ipò kìíní nínú ti gbogbo ènìyàn, òun náà ló ṣe ipò kìíní nínú ti àlejò. Àwọn mẹ́wàá tó ṣáájú nínú ti gbogbo ènìyàn ló gba mẹ́wàá nínú ipò mọ́kànlá àkọ́kọ́ nínú ti àlejò. Nígbà tí a ka èyí, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa tún yé wa sí i. Owó kòkó wà nínú ìdí tí wọ́n fi ń yin Góòlù Kóòsì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ní tiwa níhìn-ín, apá 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ kí wọ́n fi ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá yà á sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ẹni tí wọ́n bí síhìn-ín, ṣì ní láti wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ tàbí Kwara lọ gba ìwé ọmọ ìlú kí ó tó lè wá iṣẹ́ ìjọba tàbí àyè ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ yóò jíròrò lẹ́yìn àjọ̀dún.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ gbé Gánà, tí ẹ ṣì ní ìwé àwìn tí ẹnì kan kò san, rìsíìtì ilé, tàbí àwòrán tí ẹ yà ní Kùmásì, a bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì dá a padà fún yín. Àyè wà fún un nínú ìwé ọdún tó ń bọ̀.