Ta Ni Ọ̀bọtúndé Ìjímèrè?

Ní kíláàsì wa ní Ìjẹ̀gùn, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá léèrè ìlú tí a ti bí Ọ̀bọtúndé Ìjímèrè, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé eré-onítàn The Imprisonment of Obatala tí ilé-iṣẹ́ Heinemann tẹ̀ jáde ní 1966. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ulli Beier ló fi orúkọ náà bojú. Babátúndé ni a mọ̀; ta ni yóò sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀bọtúndé, tí yóò tún fi ìjímèrè lé e? Ẹ̀fẹ̀ ni, àwa olùkọ́ Yorùbá ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Jámánì ni a bí Beier sí ní 1922. Júù ni bàbá rẹ̀, oníṣègùn sì ni. Nígbà tí ìjọba Hitler ń fi ojú àwọn Júù rí màbo, ìdílé wọn sá lọ sí Palẹ́sìtínì. Ní 1950 ó dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ni nípa ìró èdè, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ló gbé e dé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo, níbi tí ó ti jókòó ti àwọn olórìṣà. Òun àti Sàbúrì Bíòbákú dá ìwé àtìgbàdégbà Odù sílẹ̀ ní 1955. Black Orpheus tẹ̀ lé e ní 1957. Òun àti Bákàrè Gbádàmọ́sí ló kó Yoruba Poetry ti 1959 jọ. (Orúkọ Gbádàmọ́sí yìí ni a kì í sábà gbọ́ mọ́, kò sì dára bẹ́ẹ̀.) Ẹgbẹ́ Mbari bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari, ṣùgbọ́n nígbà tí Beier àti Dúró Ládiípọ̀ gbé irú rẹ̀ dé Òṣogbo ní 1962, àwọn ará ìlú sọ ọ́ di Mbárí-Mbáyọ̀, pé bí àwọn bá rí i, àwọn yóò yọ̀. Ọba Kò So ti Ládiípọ̀ jáde ní 1963, ó sì dé Berlin ní 1964.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ni Ìjímèrè wà. Ẹ̀fẹ̀ tí a kò túmọ̀ fún òǹkàwé a máa di irọ́. Síbẹ̀, a kò lè sọ pé àlejò lásán ni iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn eré inú ìwé yẹn, Everyman, wá láti inú Jedermann ti Hugo von Hofmannsthal, ẹni tí bàbá-ńlá tirẹ̀ náà jẹ́ Júù. Ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ ṣe é ní Yorùbá, wọ́n pè é ní Ẹ̀dá. Ní èrò tiwa, Ẹ̀dá ti di ọmọ ilé.

Ohun tí a kọ sójú pátákó fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí: Ulli Beier, tó pe ara rẹ̀ ní Ìjímèrè. Bí olùdánwò bá rí i nínú ìwé ìdáhùn, a bẹ̀ ẹ́ kí ó fún ọmọ náà ní máàkì rẹ̀.