Réésà ọmọ ìrìn-àjò: bí bíléèdì ṣe kúrò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ tó fi dé ẹ́pọ́ọ̀tù 🧵

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi nínú DM ṣáá: "Mo fẹ́ rìnrìn-àjò, réésà wo ni kí n gbé dání?" Mi ò fẹ́ kàn dárúkọ kan kí n sì sá lọ. Inú ìtàn réésà fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Arìnrìn-àjò ló ronú kàn án, ogun ló gbé e kiri ayé, ẹ́pọ́ọ̀tù ló wá dá a dúró. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.

2/ Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kì í ṣe onírọ́bà tí èèyàn ń fá tán tó ń sọ nù o. Safety razor ni mò ń wí: èkù irin kan, orí tó ṣeé tú, àti bíléèdì pẹlẹbẹ olójú méjì láàárín. Ẹ mọ bíléèdì yẹn dáadáa. Nacet, Tiger. Òun la fi ń gé èékánná, òun la fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù ní sukúù, òun ni télọ̀ fi ń tú ojú rírán. Ọ̀pọ̀ wa mọ bíléèdì, a ò kàn mọ ilé tí wọ́n kọ́ fún un.

3/ Kí ó tó dé, abẹ ni. Nílẹ̀ wa, onígbàjámọ̀ ló ni iṣẹ́ yẹn: o jókòó, o gbé orí fún un. Àwọn àgbà tiẹ̀ ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń lọ bá onígbàjámọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fá irùngbọ̀n ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òkúta tí yóò fi pọ́n abẹ, awọ tí yóò máa fi abẹ rà, àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n.

4/ Ẹ wá gbé ẹni yẹn sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń mì, pẹ̀lú abẹ gbọọrọ lọ́rùn rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀?

5/ Àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀nà àbáyọ tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Jean-Jacques Perret, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń rọ ọ̀bẹ, fi igi ṣe ààbò sí ẹ̀gbẹ́ abẹ kó má baà wọlé jù. Ní 1847, William Henson, ará Ìlú Ọba, gba ìwé àṣẹ fún abẹ tí èkù rẹ̀ dúró bíi ti ọkọ́. Ní 1880, àwọn ará ilé Kampfe ní New York náà gba tiwọn. Ó dáa, àmọ́ bíléèdì wọn ṣì nípọn. Pípọ́n ṣì wà níbẹ̀.

6/ Ibí yìí ni King Camp Gillette ti wọlé. King yẹn kì í ṣe oyè o, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni. Ọjà ló ń tà láti ìlú dé ìlú fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìdérí ìgò, ìdérí onírin eléyín wẹ́wẹ́ tó ṣì wà lórí ìgò mínírà títí dòní. William Painter tó ṣe ìdérí yẹn ló gbà á nímọ̀ràn pé: wá nǹkan tí èèyàn máa lò, tó máa sọ nù, tó sì máa padà wá rà.

7/ Ní 1895, Gillette fẹ́ fá irùngbọ̀n, abẹ rẹ̀ kò mú. Kì í ṣe pé kó fi awọ rà á lásán, ó ti di kó gbé e lọ fún ẹni tó ń pọ́n abẹ. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ti tàn: tí bíléèdì bá fẹ́lẹ́ bí ìwé, tí owó rẹ̀ sì kéré, ta ni yóò tún máa pọ́n ọn? Á kú, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ fi òmíràn sí i.

8/ Ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu. Àwọn tó mọ irin sọ fún un pé irin tó fẹ́lẹ́ tó yẹn kò ṣeé sọ di líle kó sì mú. Ọdún gorí ọdún. William Nickerson, ẹ́ńjínníà tó kàwé ní MIT, ló padà rí ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Boston ní 1901. Ní 1903 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà, réésà 51 péré ni wọ́n rí tà. Ẹ gbọ́ mi yé: mọ́kànléláàádọ́ta! Ní ọdún kejì, ó lé ní 90,000.

9/ Ìtàn kan wà tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ wa ní bísínẹ́ẹ̀sì máa ń sọ: pé Gillette ń fún èèyàn ní réésà lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè rí bíléèdì tà. Irọ́ ni fún ìgbà tí à ń sọ yìí. Dọ́là 5 ló ń ta réésà náà, owó gidi sì ni lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí ìwé àṣẹ rẹ̀ parí ní 1921, tí àwọn mìíràn lè ṣe irú rẹ̀, ni owó rẹ̀ tó wá sílẹ̀.

10/ Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ogun ti dé. Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917. Inú kòtò, ẹrọ̀fọ̀, iná orí, gáàsì olóró. Ìbòjú tí wọ́n fi ń dènà gáàsì kò lè lẹ̀ mọ́ ojú tí irùngbọ̀n bá kún ibẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ra réésà bíi mílíọ̀nù 3.5 àti bíléèdì tó lé ní mílíọ̀nù 30 fún àwọn ọmọ ogun. Ọmọkùnrin tí onígbàjámọ̀ ń fá fún nílé wá kọ́ bó ṣe máa fá a fúnra rẹ̀ lójú ogun. Ó gbé àṣà yẹn padà sílé.

11/ Ẹ wá wo ohun tó jẹ́ kó bá ìrìn-àjò mu. Mẹ́ta ni ẹ̀yà ara rẹ̀: ìdérí, àwo ààbò, àti èkù. O tú u, ó wọ inú àpótí kékeré. Kò ní ẹ̀rọ kankan nínú tó lè bàjẹ́. Bíléèdì tí wọ́n ń ṣe lónìí ṣì ń wọ réésà tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1930. Fóònù wo ló lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ṣájà rẹ̀? 😂

12/ Bíléèdì tó ti kú ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lu ihò tín-ín-rín sẹ́yìn àpótí oògùn inú bálùwẹ̀, nílé àti ní hòtẹ́ẹ̀lì. O jù ú síbẹ̀, ó já sínú ògiri. Títí dòní, ẹni tó bá ń wó ilé àtijọ́ lè bá òkìtì bíléèdì tó ti dípẹtà pàdé.

13/ Nígbà tó yá, ọjà yí padà. Gillette gbé orí onírọ́bà olóbíléèdì méjì jáde ní 1971. Bic gbé èyí tí a ń sọ nù pátápátá jáde ní 1975. Ó di mẹ́ta ní 1998, ó di márùn-ún ní 2006. Ó dà bí ẹni pé bí bíléèdì bá ṣe pọ̀ tó ni ojú á ṣe dán tó.

14/ Fún irun tiwa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bíléèdì àkọ́kọ́ á fa irun jáde díẹ̀, èkejì á gé e, irun á sì sún padà sábẹ́ awọ. Irun tó ká kò ní jáde tààrà, á yí padà wọ inú ẹran. Kókó tí ẹ ń rí lágbọ̀n nìyẹn, bumps. Nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí dókítà ń kọ̀wé fún pé kí wọ́n má fá irùngbọ̀n wọn kanlẹ̀ nítorí rẹ̀. Bíléèdì kan ṣoṣo, tí a kò tẹ̀ mọ́ ara, máa ń dín in kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

15/ Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, ààbò ẹ́pọ́ọ̀tù le sí i. Òfin tó wà ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba lónìí: bíléèdì tó dá wà kò gbọ́dọ̀ bá ẹ wọ inú bàálù nínú báàgì ọwọ́. Onírọ́bà tí bíléèdì ti há sínú orí rẹ̀ lè wọlé. Ẹ rí i báyìí? Pé bíléèdì ṣeé yọ ló jẹ́ kí réésà yìí dára fún arìnrìn-àjò ní 1903. Pé bíléèdì ṣeé yọ náà ni wọ́n fi ń dá a dúró lónìí.

16/ Torí náà, ìdáhùn mi rèé:
• Tí ẹ bá ní báàgì tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀: ẹ ra ẹlẹ́yà mẹ́ta, ẹ tú u, ẹ fi bíléèdì sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, ẹ wé e dáadáa. Ẹni tó máa tú ẹrù yín náà ní ìka.
• Tí ó bá jẹ́ báàgì ọwọ́ nìkan: ẹ gbé èkù àti orí rẹ̀ láìsí bíléèdì nínú rárá, kí ẹ ra bíléèdì níbi tí ẹ ń lọ. Tí ẹ kò bá fẹ́ àlàyé lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mú onírọ́bà.
• Ẹ yẹra fún èyí tí ààbò rẹ̀ là gbàgà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gé èèyàn.
• Ẹ ka òfin ilẹ̀ tí ẹ ń lọ àti ti ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀. Wọn kì í ṣe ìkan náà níbi gbogbo.

17/ Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bíléèdì yín, tiyín nìkan ni. Kò sí "yá mi, mo fẹ́ sáré tún ojú ṣe" láàárín ẹni mẹ́rin tó wà ní yàrá kan lókè òkun. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí lè wà lára rẹ̀, àrùn mẹ́dọ̀wú àti HIV sì lè tipa ẹ̀jẹ̀ ràn. Bíléèdì kò wọ́n, ẹ̀dọ̀ ló wọ́n.

18/ Ẹ wò ó, ohun tí réésà yìí gbà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ẹ̀yin ló gbé e fún. Ẹ̀yin lẹ di abẹ mú lọ́rùn ara yín báyìí, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín. Ẹ mọ ohun tí ẹ dì mú. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó jù ú sísàlẹ̀, mo wà ńbí.