Àgbà Tó Ń Béèrè: Ìlera Ọkàn, Ipò Aṣíwájú àti Ètò Ọjọ́ Ọ̀la Akẹ́kọ̀ọ́ Girama ní Etíkun Àgbádárìgì

Ọdún mẹ́ta ni ọmọ ń lò ní ipele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama, láti SS1 dé SS3. Láàárín ọdún mẹ́ta yìí ni yóò yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí yóò pinnu irú iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, tí yóò kọ ìdánwò WAEC tàbí ti NECO, tí yóò sì jókòó fún ti JAMB. Ìgbà kan náà yìí ni ara rẹ̀ ń kúrò ní ti ọmọdé, tí ọkàn rẹ̀ kò sì tíì gúnlẹ̀ sí ti àgbà. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ìdánwò ló ń ṣíwájú. Oyè pírífẹ́ẹ̀tì a tẹ̀ lé e, fún ìwọ̀nba ọmọ tó mọ̀wé jù. Ìlera ọkàn ló ń kẹ́yìn, bí àyè bá ṣẹ́ kù. Àpilẹ̀kọ yìí ń jiyàn pé wọ́n dorí ètò náà kodò. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò lè jókòó ro ọ̀la. Ọmọ tí wọn kò fi nǹkan kan sí ìkáwọ́ rẹ̀ rí kò lè mọ ohun tó lè ṣe. Ètò ọjọ́ ọ̀la tí kò bá ti inú méjèèjì yìí jáde, àlá lásán ni.

Àgbádárìgì yẹ ní ibi tí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, torí ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní 1843, de Graft, alábàáṣiṣẹ́ Freeman, àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀. Ní 1845 ni Gollmer ti ìjọ CMS kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún náà sì ni Samuel Ajayi Crowther dé ìlú náà. Ìlú yìí kan náà ni ọjà ẹrú Vlekete wà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu kí ọkọ̀ òkun tó gbé wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gba etíkun yìí kọjá, ẹlòmíràn ló pinnu ibi tí ayé wọn yóò já sí. Àwọn míṣọ́nnárì ní tiwọn mọ ohun tí wọ́n ń wá: olùkọ́, akọ̀wé àti oníwàásù. Ọmọ tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ọ̀nà rẹ̀ ti là sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà tó wà níwájú ọmọ SS1 ní Àgbádárìgì lónìí ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àgbà tí yóò bá a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan ló ṣọ̀wọ́n.

Oorun ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja yóò ti bá a dáná kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tó ń gbé ní erékùṣù yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé kíláàsì. Èyí tó ń gba òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ní 2009 tí iṣẹ́ rẹ̀ sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mọ ohun tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń fi ènìyàn ṣe. Ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa tòògbé ní kíláàsì, wọ́n á sì pè é ní ọ̀lẹ. Olùkọ́ tó bá kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ọmọ náà sùn, kó tó na ọwọ́ sí pàṣán, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ olùdámọ̀ràn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ, àti pé ìdá kan nínú mẹ́ta irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 14. Èyí já sí pé ọmọ tó wọ SS1 lè ti máa gbé ẹrù náà bọ̀ láti kíláàsì ìsàlẹ̀. Bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ ọ́ ló ń ṣi àwọn àgbà lọ́nà. Nílé, kò sí ọmọ tí yóò sọ pé ọpọlọ òun ń ṣàìsàn, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti sún mọ́ wèrè jù létí aráyé. Ohun tí yóò sọ ni pé orí ń fọ́ òun, inú ń run òun, oúnjẹ kò wu òun jẹ. Wọ́n á fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún un: àròkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì, ọkàn tí kò lélẹ̀. Olùkọ́ tó mọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí, tó sì ń fetí sí wọn, yóò gbọ́ ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè fi hàn.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí tún jinlẹ̀ sí i ní Àgbádárìgì. Òfin tí ìjọba Èkó fọwọ́ sí ní 2018 sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ègùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìdánwò. Ẹkún kì í gba inú èdè kẹta jáde. Olùdámọ̀ràn tí kò gbọ́ Ègùn, tí kò sì ní ẹni tó gbọ́ ọ nítòsí, yóò máa pàdánù ìdajì ohun tí ọmọ ń sọ.

Òfin lórí ìlera ọkàn pàápàá ti ń yí padà, díẹ̀díẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀; òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí ilé-ẹjọ́ darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 sì rọ́pò òfin wèrè ti ayé ìjọba amúnisìn. Ó yẹ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ mọ èyí, nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá wà lára ohun tó ń mú kí ẹbí bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi bàjẹ́.

Ní ti ipò aṣíwájú, ojú tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń wò ó há jù. Aṣíwájú ni ẹni tó ń lu agogo, tó ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀, tó sì ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ kékeré. Ipò yẹn ń kọ́ ọmọ ní àṣẹ. Kò kọ́ ọ ní ìtọ́jú ẹlòmíràn. Etíkun yìí ní àpẹẹrẹ tó sàn jù ú lọ. Láàárín àwọn Ègùn, ẹgbẹ́ Zangbeto ló ń ṣọ́ ìlú lóru. Iyì tó wà nínú rẹ̀ so mọ́ pé àwọn kan kò sùn kí àwọn yòókù lè sùn. Ìlànà rẹ̀ ni a ń wí níhìn-ín, a kò wí awo rẹ̀. Àpẹẹrẹ mìíràn tún wà: ní 1951, Alec Dickson, ará Bìrìtìkó, dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Man O' War Bay, ní etíkun Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ ìṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ síbẹ̀ gun òkè, wọ́n sì ṣiṣẹ́ fún àwọn abúlé. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Man O' War tí a mọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ti gba orúkọ. Ohun tó ṣeni láàánú ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, yíyan bí ológun nìkan ló kù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ abúlé ti fò lọ.

Ọ̀tọ̀ tún ni ti Topo ní Àgbádárìgì, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ASCON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, wà. Láti gbogbo ìpínlẹ̀ ni àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá síbẹ̀ kọ́ bí a ti ń darí ènìyàn àti owó. Àwọn ọmọ girama ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Kí wọ́n fún àwọn ọmọ SS2 ní ọjọ́ kan péré nínú ọdún láti wọlé wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń ka ìṣirò owó, kò lè ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan tó tó nǹkan. Nínú kíláàsì fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó yẹ kó yípo kárí pọ̀: ẹni tó ń tọ́jú àpótí egbòogi, ẹni tó ń ka iye àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi àti aṣọ ìmúléfòó wọn, ẹni tó ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ọmọ tó ń gba ipò kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú ìdánwò lè jẹ́ ẹni tó tọ́ jù lọ láti ka àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Ètò ọjọ́ ọ̀la ló kù. Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ní 1959, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ṣètò kí wọ́n máa la àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde lọ́yẹ̀ nípa iṣẹ́. Nínú 60 tó jáde, 54 ló ríṣẹ́. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ń wá ènìyàn nígbà náà, torí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí àwọn sísítà náà ṣe kò ju ìjókòó àti ọ̀rọ̀ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní 1963, ilé-ẹ̀kọ́ girama ńlá Ayétòrò bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ apá kan ètò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 náà fi olùdámọ̀ràn sí ilé-ẹ̀kọ́, lórí ìwé.

Ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ etíkun lẹ́sẹ̀ ni SS1. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ nípa ẹja àti òkun ní yunifásítì nílò Bàọ́lọ́jì àti Kẹ́mísírì. Bó bá ti yan ẹ̀ka mìíràn torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì kó tó pé ọmọ ọdún 16, ìyẹn ọjọ́ orí tó kéré jù tí wọ́n ń gbà wọlé sí yunifásítì. Bẹ́ẹ̀, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Òjó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì gan-an, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹja. Yunifásítì Èkó ní ti ìmọ̀ òkun. Ìjọba àpapọ̀ sì dá ilé-iṣẹ́ ọrọ̀ ajé òkun sílẹ̀ ní 2023. Ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n lò láti 2011 títí di 2025 to iṣẹ́ ọwọ́ 34 sílẹ̀ fún àwọn ọmọ girama àgbà láti yan ó kéré tán ọ̀kan, ẹja sísìn àti ìrìn-àjò afẹ́ sì wà nínú wọn. Ìlú tó ní ọ̀sà, òkun àti Vlekete, bí kò bá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní méjì yìí, ta ni yóò kọ́ ọ? Àwọn ẹbí kan gbára lé òwò ibodè Sẹ̀mẹ̀ fún ọjọ́ ọ̀la ọmọ wọn. Nígbà tí ìjọba ti ibodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ohun tó kọ́ wọn ni pé ó yẹ kí ọmọ ní ọ̀nà kejì lọ́wọ́.

Gbogbo èyí já sí ọ̀dọ̀ àgbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ọ̀kan má bójú tó ju ọmọ 250 lọ. Bí irú iye bẹ́ẹ̀ kò bá tíì ṣeé ṣe, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan olùkọ́ méjì tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Ègùn, kí wọ́n dín iye kíláàsì tí wọ́n ń kọ́ kù, kí wọ́n sì fún ọmọ SS1 kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ìwé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó di títì pa. Ìbéèrè náà kò ju mẹ́ta lọ: Báwo lo ṣe ń sùn? Kí ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ nílé? Iṣẹ́ wo lo rí tó wù ọ́? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé kan tí yóò bá ọmọ náà dé SS3. Oṣù kẹsàn-án ni SS1 ń wọlé. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Àgbádárìgì yan àwọn olùkọ́ méjì náà kí oṣù náà tó dé.