Nígbà Tí Ọkọ̀ Ogun Ba Fàájì Prague Jẹ́

Ogun eré lọ́sàn-án, ogun gidi lóru. Ohun tí ojú àwọn òṣèré Amẹ́ríkà kan rí nìyẹn ní Prague, olú-ìlú Czechoslovakia, ní oṣù kẹjọ ọdún 1968. Ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ wa nígbà yẹn, tiwa ti tó wa í gbọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn ún gbọ́, ó sì lẹ́kọ̀ọ́ nínú.

Sinimá ni wọ́n wá ṣe, The Bridge at Remagen, ìtàn ogun Hitler. Robert Vaughn, George Segal àti Ben Gazzara wà nínú rẹ̀. Wọ́n yá àwọn ọkọ̀ ogun àtijọ́ láti Austria, wọ́n sì ń yìnbọn ẹ̀tàn lórí afárá kan ní Davle, nítòsí Prague. Bílẹ̀ bá ti ṣú, ìbọn á dákẹ́, ó di fàájì.

Fàájì ọdún yẹn kì í ṣe kékeré o! Ogún ọdún ni ìjọba Kọ́múníìsì ti fi pa àwọn ará ìlú náà lẹ́nu mọ́. Ìgbà tí Alexander Dubček di olórí ẹgbẹ́ ní oṣù kìíní 1968, ó dẹ okùn náà. Ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. Wọ́n ń lu jáàsì ní Reduta. Ní ilé eré kékeré kan tó ń jẹ́ Na zábradlí, àwọn èèyàn ń wo eré tí Václav Havel fi ń ta àwọn aláṣẹ lábẹ́rẹ́. Bíà ilẹ̀ náà, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Gazzara àti Vaughn náà ti mú ọmọbìnrin kan tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà lọ́rẹ̀ẹ́.

Àwọn tó wà ní Moscow kò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn rárá. Ìwé ìròyìn Jámánì ti Ìlà-Oòrùn tilẹ̀ ń pariwo pé ọgbọ́n láti kó ohun ìjà wọ̀lú ni sinimá náà. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Soviet, Poland, Hungary àti Bulgaria ya wọ ilẹ̀ náà, nǹkan bí 200,000 ènìyàn pẹ̀lú nǹkan bí 2,000 ọkọ̀ ogun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gba pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn ará ìlú fi bọ́ọ̀sì dínà níwájú ilé rédíò. Wọ́n yọ orúkọ àwọn òpópónà kí àlejò ọ̀ràn lè ṣìnà. Kí ọdún náà tó parí, ènìyàn 137 ti kú.

Kí làwọn òṣèré ṣe? Takisí ni wọ́n kó sí, ó di Austria! Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ọmọbìnrin yẹn. Wọ́n fi mọ́tò gbé e gba ẹnubodè kan tí àwọn Soviet kò tíì gbà, ó sì bọ́. Wọ́n parí sinimá náà ní Jámánì àti Ítálì, ó jáde ní 1969.

Àlejò rí takisí wọ̀, onílé ńkọ́? Wọ́n yọ Dubček nípò ní oṣù kẹrin 1969. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé eré Havel. Ní 1974 ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pọn bíà, lẹ́yìn náà ó ṣẹ̀wọ̀n. Láti 1970 ni wọ́n ti ní kí akọrin obìnrin Marta Kubišová má kọrin mọ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rù orin ń ba ẹni tó ní ìbọn? Níbi fàájì ni ẹnìkan ti máa ń rí i pé òun nìkan kọ́ ni inú ń bí.

Ó tó ogún ọdún lé kan. Ní oṣù kọkànlá 1989, àwọn òṣèré Prague daṣẹ́ sílẹ̀. Dípò eré, wọ́n ń bá òǹwòran jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Disẹ́ńbà, Havel di ààrẹ. Ṣùgbọ́n kó tó dà bẹ́ẹ̀, Kubišová ti dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé kan tó dojú kọ gbàgede Wenceslas, níbi tí ọkọ̀ ogun ti kún ní 1968. Èrò kún ìsàlẹ̀ bámúbámú. Ẹni tí wọ́n ní kó panu mọ́ ló wá kọrin fún gbogbo ìlú.