Àwo Onígi Láti Ara Igi Tó Ń Jẹrà ní Agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Igi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, tí kò tíì bàjẹ́ tán, wúlò fún àwo, ọpọ́n àti abọ́ onígi ju bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò pákó ti rò lọ. Ara rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà: ibì kan funfun, ibì kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba àárín wọn kọjá bí ẹni fi kálámù fà á. Kò sí ọ̀dà tó lè ṣe irú ọnà bẹ́ẹ̀ sára igi. Ní etí ọ̀sà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, irú igi yìí kì í wọ́n, nítorí pé omi, ooru àti gẹdú ló pàdé níbẹ̀.

Ọ̀sà ni ọ̀nà tí gẹdú ń gbà wọ Èkó láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn onígẹdú a máa so ìtì igi pọ̀ lójú omi láti ìhà Oǹdó àti Ìjẹ̀bú etí omi, wọn á sì mú un gba Ẹ̀pẹ́ kọjá títí dé ibùdó ìlagi Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ ibùdó mìíràn, tí wọ́n pè ní Timberville, sí Agbówà-Ìkòsí, kí àwọn onípákó Oko Bàbá lè kó lọ síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni Agbówà wà, ó sì wà láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lagi báyìí, ìtì kan á ṣẹ́kù tí wọ́n tì sápá kan, òjò á pa á, oòrùn á pa á, olú á sì hù lára rẹ̀. Ìtì bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ń wá. Bí wọ́n bá gé igi máńgòrò tàbí igi furúùtù nínú àgbàlá kan, ohun kan náà ni.

Ohun tó ń jẹ igi

Olú àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, ló ń jẹ igi. Wọ́n nílò omi, wọ́n sì nílò afẹ́fẹ́. Igi tó bá gbẹ, tí omi inú rẹ̀ kò tó 20 nínú 100 ìwọ̀n igi náà, kò ṣeé jẹ fún wọn. Igi tó rì sómi pátápátá náà kì í jẹrà bọ̀rọ̀, torí afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Dúfúnà jẹ́rìí sí èyí: darandaran Fúlàní kan ló bá a pàdé ní 1987 níbi tó ti ń gbẹ́ kànga, ní ilẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ó sì ti wà nínú ilẹ̀ olómi fún nǹkan bí 8,000 ọdún láìjẹrà tán. Àárín méjèèjì ni ìjẹrà ti ń yára: ìtì tí ìdajì rẹ̀ wà nínú ẹrọ̀fọ̀, tí ìdajì kejì sì yọ sí afẹ́fẹ́.

Ìjẹrà kò rí bákan náà. Irú kan wà tó ń jẹ ohun tó mú kí igi le. Igi náà á di funfun, á sì rọ̀ bíi fóòmù, ṣùgbọ́n kò ní tètè fọ́. Òun ló dára fún àwo. Irú kejì ń jẹ okun inú igi, tí igi á fi pọ́n, á là yẹ́lẹyẹ̀lẹ, á sì máa rún lọ́wọ́. Èyí kò ṣeé fi ṣe nǹkan kan, àfi kí á fi dáná. Irú kẹta kì í jẹ igi rárá, àwọ̀ nìkan ló ń yí padà sí búlúù tàbí eérú, torí oúnjẹ tó wà nínú igi tútù ló ń wá. Arère ló máa ń ṣe jù. Bí wọ́n bá gé arère tí wọn kò là á kí wọ́n sì sá a kíákíá, ọjọ́ mélòó kan ti tó kí ó di búlúù, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ lọ́jà. Nípa ti agbára, pákó náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó funfun; ojú ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́.

Ìlà dúdú inú igi jẹ́ odi. Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì méjì bá pàdé nínú igi kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan á mọ odi yí ibi tirẹ̀ ká kí èkejì má baà wọlé. Ààlà ilẹ̀ wọn ni a ń wò lára àwo.

Àwọn baba wa àti igi

Gbígbẹ́ ni Yorùbá ń gbẹ́ ọpọ́n, kì í ṣe pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí i. Àáké, irin àti ọ̀bẹ ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń ṣe ọpọ́n Ifá, ọpọ́n ayò àti olúmẹ́yẹ tí wọ́n ń fi obì sí fún àlejò. Wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fífín. Igi tútù tó ṣeé gbẹ́ ni wọ́n ń yàn, bí ọ̀mọ̀, tó tún jẹ́ igi ìlù. Ewé ìpín ni wọ́n fi ń dán an kí sáńpépà tó dé. Ibi tí iṣẹ́ yìí dé kò kéré: Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, gbẹ́ abọ́ kan tí orí kan ń yí káàkiri láàárín àwọn ère tó gbé abọ́ náà ró, igi ẹyọ kan ni gbogbo rẹ̀ sì ti wá.

Wọn kò fẹ́ igi jíjẹrà fún ọpọ́n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ohun èlò tí yóò pẹ́ fún ìran ni wọ́n ń ṣe. Síbẹ̀ wọn kò ka ohun tí kòkòrò jẹ sí ìdọ̀tí. Ìyẹ̀rosùn tí babaláwo ń dà sójú ọpọ́n, ìyẹ̀ tí kòkòrò jẹ jáde lára igi ìrosùn ni.

Ẹ̀rọ tí ń yí igi, tí oníṣẹ́ á máa mú irin kan igi náà bó ti ń yí, dé ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà wa lẹ́yìn náà, fún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ tábìlì àti ọ̀pá àtẹ̀gùn. Ní Amẹ́ríkà ni Melvin Lindquist àti ọmọ rẹ̀, Mark, ti sọ àwo igi jíjẹrà di iṣẹ́ ọnà tí àwọn olówó ń rà. Mark kọ̀wé lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Fine Woodworking ní 1977. Ṣáájú wọn, ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ igi ní Ítálì àti Jámánì ti ń lo igi tí fọ́ńgọ́ọ̀sì sọ di àwọ̀ ewé láti ya àwòrán sára àpótí.

Bí wọ́n ti ń ṣe é

Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nínú mímọ ìgbà tó yẹ kí ìjẹrà dúró. Ní ilẹ̀ òtútù, igi lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì kí ó tó dára. Lọ́dọ̀ wa ó ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, pàápàá lásìkò òjò, ìtì tí a gbójú fò lè ti di ìyẹ̀pẹ̀ kí a tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èékánná ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí èékánná bá wọlé díẹ̀ tó sì dúró, igi náà ṣì dára. Bí àtàǹpàkò bá rì wọlé tí igi ń rún, kí a fi sílẹ̀. Kí a gbé e sókè náà: èyí tó fúyẹ́ jù bó ti yẹ lọ ti ṣófo nínú.

Wọ́n á kọ́kọ́ yí àwo náà ní àyísílẹ̀, kí ara rẹ̀ ṣì nípọn. Àwo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 10, wọ́n á fi ínṣì 1 sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Wọ́n á wá fi ìda tí wọ́n yọ́ pa ibi tí ojú igi ṣí sí kí ó má baà là, wọ́n á sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí oòrùn kò dé, fún oṣù mélòó kan. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù ní etí ọ̀sà. Bí omi bá ti gbẹ, ìjẹrà dúró nìyẹn.

Yíyí kejì ló le. Igi líle àti igi rírọ̀ ló jọ wà nínú àwo kan ṣoṣo, irin á gé èyí tó le mọ́ dáadáa, á sì fa èyí tó rọ̀ ya. Nítorí náà, irin gbọ́dọ̀ mú, kí ó sì máa gé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó bá rọ̀ jù, wọ́n á da súpà gúlù tó ṣàn sí i tàbí fáníìṣì tí wọ́n fi omi rẹ̀ là, igi á mu ún, á sì le. Èéfín súpà gúlù ń ta ojú, bí ó bá sì wọnú igi rírọ̀ náà, ó lè gbóná. Sáńpépà tí a fi ọwọ́ lásán dì máa ń gbẹ́ kòtò síbi tó rọ̀. Ó dára kí a fi igi pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn.

Igi yìí lè fọ́ lórí ẹ̀rọ, kí ó sì fò sí ènìyàn lójú. Ẹni tó ń yí i gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ dúró wò ó léraléra, kí ó má jẹ́ kó yára púpọ̀, kí ó sì wọ ìbòjú tó bo gbogbo ojú. Ìbòmú ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí eruku igi jíjẹrà lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, irúgbìn olú sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Àwo náà, bí ó bá parí, dára fún èso, obì, ẹ̀pà tàbí kí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lórí tábìlì. Kò dára fún ọbẹ̀ tàbí ohunkóhun tó lómi, torí omi lè tún jí ìjẹrà náà.

Ní báyìí, iná ni wọ́n ń sọ ọ̀pọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ sí, tàbí kí wọ́n fi ṣe pákó ìdákọnkéré. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọnà wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ibùdó ìlagi kò sì jìnnà sí wọn. Ẹ̀yin onípákó, ẹ ya ìtì tó ti yí àwọ̀ padà sọ́tọ̀ kí ẹ tó dáná sí i. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ wò ó.