Ìgbéyàwó ní Cameroon: Kí ni òfin sọ nípa ìwé ẹ̀rí, owó orí àti gbígbé pọ̀ láìṣègbéyàwó?

Ní Makepe, àdúgbò kan nílùú Douala, ẹbí méjì lè ti ṣe ìdána, kí àlùfáà tàbí àfáà sì ti súre fún ọkọ àti ìyàwó, síbẹ̀ kí wọ́n má ní ìwé kankan tí ìjọba yóò fi mọ̀ wọ́n ní tọkọtaya. Ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni ìṣòro rẹ̀ máa ń hàn: opó tí kò ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó máa ń tiraka gan-an kó tó rí ogún tàbí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ gbà.

Òfin wo ló ń darí ìgbéyàwó?

Fún ohun tó lé ní 40 ọdún, òfin 81-02 ti ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1981 ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ìjọba ṣàtúnṣe sí i lọ́dún 2011, kí òfin tuntun, 2024/016, tó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Lábẹ́ òfin 1981, ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ sọ èrò wọn fún òṣìṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ní ó kéré tán oṣù kan ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọn yóò lẹ ìkéde náà síta, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti bí ọ̀kan nínú wọn tàbí ibi tó ń gbé ni wọ́n ti ń ṣe é. Fún ará Makepe, ìjọba ìbílẹ̀ Douala Karùn-ún ni.

Ìyàwó kan àbí púpọ̀?

Òfin Cameroon gba méjèèjì láàyè, àmọ́ èyí tí tọkọtaya bá yàn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ẹ̀rí wọn. Ọkùnrin tó bá ti yan ìyàwó kan ṣoṣo, tó tún lọ fẹ́ òmíràn, ti rú òfin. Èyí yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà, níbi tí ìgbéyàwó alárédè kò ti gba ju ìyàwó kan lọ.

Owó orí ńkọ́?

Òfin 1981 sọ pé yálà wọ́n san owó orí tán tàbí wọn kò san án, kò lè sọ ìgbéyàwó di asán. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí àwọn méjèèjì fínnú-fíndọ̀ gbà. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn ọdún 2016, ẹni tó bá fi tipá mú ẹnìkan ṣègbéyàwó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá.

Àwọn tó kàn ń gbé pọ̀

Àwọn ará Cameroon ń pe èyí ní "come-we-stay". Ilẹ̀ Faransé ti ní òfin fún irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n Cameroon kò ní in. Ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin sì lè yọrí sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún.

Ní ti ìgbéyàwó ìbílẹ̀, òfin 1981 ní kí tọkọtaya mú un lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè ló rọrùn jù láti ṣe bẹ́ẹ̀.